Ìṣirò Inú Àyà Ìyá Wa

Nínú gbogbo ìwé tí a kó bọ̀ láti ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ṣoṣo ni a kò lè gbé sílẹ̀. Ìwé pélébé ni; àwòrán dúdú òun funfun wà ní òkè rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta sì tò sí ìsàlẹ̀: 3,5, lẹ́yìn náà 49, lẹ́yìn náà 57. Dókítà ti fa ìlà sí abẹ́ èyí tí ó kẹ́yìn. Ìyá wa jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó ti sáré, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn wọn láti yàrá àyẹ̀wò dé ibẹ̀ kò ju ogún ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n tẹjú mọ́ ìwé náà, wọ́n sì bi wá pé: "Ọmọ mi, ṣé wọ́n rí nọ́ńbà yìí nínú àyà mi ni, àbí ńṣe ni wọ́n ṣírò rẹ̀?"

Olùkọ́ ìṣirò ni wá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì ti ń bi wá ní oríṣiríṣi ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ó tíì gún wa bí èyí. A wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. A rí i pé bí a bá fi 3,5 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a sì tún fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, 49 ni yóò jáde. Bí a bá wá fi 8 kún 49, ó di 57. A jẹ́wọ́ fún wọn pé: "Ìyá, wọ́n ṣírò rẹ̀ ni."

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá wa ti ń yan ẹja tà ní ọjà Ouando. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò wọn wà, lábẹ́ òrùlé páànù tí kò ní ojú ibi tí èéfín lè gbà jáde. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kúnlẹ̀ ti iná. Èéfín yẹn ni ó ra ìwé fún wa. Èéfín yẹn ni ó sanwó ọkọ̀ wa lọ sí yunifásítì títí a fi gba ìwé-ẹ̀rí licence. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó ka ikọ́ wọn sí àìsàn. Ikọ́ ààrò ni a ń pè é. Àfi ìgbà tí ìrìn láti ọjà dé ilé, tí wọ́n ti ń rìn láìsinmi láti ìgbà èwe wa, di ohun tí wọ́n ń dúró nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́nu ilé aránṣọ, níwájú mọ́ṣáláṣí, àti ní ẹnu ọ̀nà ilé wa gan-an. Ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà náà ni a tó mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé wa padà bọ̀, ìyá wa kò jẹ́ kí a sinmi. Wọ́n ní kí a ṣàlàyé. A ti kọ́ ìṣirò ní èdè Faransé láti kékeré, èdè Faransé náà ni a fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. A kò tíì fi èdè abínibí wa ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyá wa kò gbọ́ Faransé, àyà wọn sì ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yé gbogbo ènìyàn. Ọkàn tí a ń pè ní ọ̀kan, ẹ̀rọ ìfami méjì ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ògiri kan náà. Apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó lọ gba afẹ́fẹ́. Apá òsì ń ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gba afẹ́fẹ́ lọ sí gbogbo ara yòókù. Ibn al-Nafis, oníṣègùn tí a bí ní ìlú Damascus tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Cairo, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàlá pé ẹ̀jẹ̀ kì í ti ara ògiri àárín ọkàn kọjá láti ọ̀tún sí òsì, bí àwọn oníṣègùn ìgbàanì ti rò. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń gbà. Ní 1628, William Harvey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò kan tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe kún ọ̀rọ̀ náà. Ó fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde nígbà tí ó bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó fi iye ìgbà tí ó ń lù sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì rí i pé kì í pẹ́ rárá tí ẹ̀jẹ̀ tí ó jáde yóò fi ju gbogbo èyí tí ó wà nínú ara lọ. Ó di dandan, nígbà náà, kí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń yípo. Harvey kò rí àwọn iṣan tíntìntín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà padà bọ̀. Ọdún 1661, nígbà tí òun ti kú, ni Marcello Malpighi, ará Ítálì, tó fi ẹ̀rọ awò rí wọn nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀lọ́. Ìṣirò ti rí wọn ní ọdún 33 ṣáájú ojú.

Ìyá wa mi orí. Wọ́n ní, "Ó dára. Nínú èmi ńkọ́?"

Nínú ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ni apá kọ̀ọ̀kan ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan. Iye kan náà ni apá méjèèjì gbọ́dọ̀ máa tì. Ká ní apá ọ̀tún fi mìlílítà kan péré ju apá òsì lọ nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọkàn bá lù, tí ọkàn sì ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan: mìlílítà 70 yóò ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí wákàtí kan bá sì pé, yóò ti di lítà 4 ó lé díẹ̀. Ènìyàn ìbá ti rì sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ ni pé bí ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ inú ọkàn bá ti pọ̀ sí i, ẹran ọkàn a nà, a sì fi agbára tí ó jù ti àtẹ̀yìnwá tì í jáde. Otto Frank ní ilẹ̀ Jámánì àti Ernest Starling ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi orúkọ wọn pe òfin yìí.

Ìṣàn dọ́gba, ṣùgbọ́n ìfúnpá kò dọ́gba. Nínú iṣan ńlá tí ó ti apá òsì jáde, ìfúnpá wà ní nǹkan bíi 90 lórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì bí a bá pín in dọ́gba láti ìgbà tí ọkàn bá lù dé ìgbà tí ó bá sinmi. Nínú iṣan tí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kò ju nǹkan bíi 15 lọ. Ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀fóró gbòòrò, ó sì rọ̀. Kò gba agbára púpọ̀. Nítorí náà ni Ẹlẹ́dàá ṣe fi ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ apá ọ̀tún. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ẹrù kékeré ni. Bí ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀fóró bá wá ń há, apá ọ̀tún ni yóò ru ẹrù tí a kò dá a fún. Ẹ̀jẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn rẹ̀, omi yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìfúnpá tí ó wà níbẹ̀ láìla àyà? Láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún, ilẹ̀kùn kan wà tí ó ń ṣí sí ìhà kan ṣoṣo. Nínú ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ilẹ̀kùn náà máa ń jò díẹ̀ nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀. A sọ fún ìyá wa pé kí wọ́n rántí àgbá omi tí ó lu lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí àgbá bá kún dẹ́nu, omi a tú jáde lọ jìnnà, bí ó bá ti fẹ́ẹ̀ gbẹ, omi a máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lára àgbá. Ẹni tí ó dúró lóde, tí kò lè yọjú wo inú àgbá, lè fi eré omi mọ bí ó ti kún tó.

Daniel Bernoulli, ọmọ ilẹ̀ Suisse, ni òfin yìí wá láti inú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1738. Inú wa dùn nígbà tí a kà á pé ìwé-ẹ̀rí ìṣègùn ni ó gbà ní Bâle ní 1721, àti pé lórí mímí ni ó kọ iṣẹ́ tí ó fi gbà á. Agbára tí ó wà nínú ohun tí ó ń sáré ni ìdajì ìwúwo rẹ̀, lọ́nà eré rẹ̀, lọ́nà eré rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí ni a ń kọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún. Ìwọ̀n mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, bí ẹ̀jẹ̀ bá kún un, yóò wúwo tó kílò 1060. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 530. Bí a bá wá fẹ́ kí èsì rẹ̀ bọ́ sórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì, a ó fi 133 pín in: ó ku díẹ̀ kí ó pé 4. Ibi tí 4 náà ti wá nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jò padà nínú àyà ìyá wa ń sáré mítà 3,5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín yàrá méjèèjì jẹ́ 49. Dókítà sì fi 8 kún un fún ìfúnpá tí ó fojú díwọ̀n pé ó wà ní yàrá òkè. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, 57 yẹn kì í sábà ju 30 lọ.

Eré ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Ìró ni a fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí zémidjan bá ń fun fèrè bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohùn fèrè náà a ga; bí ó bá ti kọjá, a lọ sílẹ̀. Christian Doppler, ará Austria, ṣàlàyé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní 1842. Ẹ̀rọ échographie ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ sínú àyà, ó sì ń gbọ́ bí ohùn tí ẹ̀jẹ̀ dá padà ti yí sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Liv Hatle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Trondheim, ní ilẹ̀ Norway, wà lára àwọn tí ó so ìró Doppler pọ̀ mọ́ òfin Bernoulli fún ìlẹ̀kùn ọkàn. Ní 1984, Paul Yock àti Richard Popp ní Amẹ́ríkà gbé nọ́ńbà tí ìṣirò yìí fún wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀n láti inú ọkàn gan-an, wọ́n sì rí i pé wọ́n súnmọ́ ara wọn.

Ìyá wa dákẹ́ títí a fi dé oríta Ouando. Wọ́n wá ní: "Ìṣirò lè purọ́. Bí mo bá ka ẹja tí ó kù sínú agbọ̀n ní àkàṣì, gbogbo èrè tí mo bá ṣírò lé e lórí, irọ́ ni."

A kò rí ẹnikẹ́ni ní yunifásítì tí ó sọ ọ́ fún wa tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwòṣe ìṣirò kì í ṣe ọkàn. Ohun tí a fi ń ro ọkàn ni. Ó fojú fo ìki ẹ̀jẹ̀, ó sì gbà pé ìró bọ́ sí ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jò. Bí ìró náà bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, eré tí ẹ̀rọ yóò kà yóò kéré sí òótọ́. Nítorí pé à ń fi eré náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, àṣìṣe kékeré kò ní dúró ní kékeré: ẹni tí ó ka 3 dípò 3,5 yóò rí 36 dípò 49. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbé ẹ̀rọ náà sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní àyà ìyá wa, tí a sì ń rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

Ìjíròrò tí ó le jù ṣì wà níwájú. Dókítà ti wo apá òsì, kò rí àbùkù níbẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí nínú ìwádìí PAPUCO, tí wọ́n ṣe lórí àìsàn yìí ní Nàìjíríà, ní Cameroun, ní Mozambique àti ní Gúúsù Áfíríkà, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2016, apá òsì ọkàn ni orísun ọ̀ràn fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn. Ní ti ìyá wa, inú ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni ó há, dókítà sì ní ẹ̀rí àyẹ̀wò mímí tí ó fi sọ pé èéfín ni. Ó fún wọn ní oògùn tí yóò fa omi kúrò lára. Ó ní kí wọ́n fi ààrò sílẹ̀.

Inú bí ìyá wa. Wọ́n ní ààrò kò bá wọn jà rí, òun ni ó tọ́ gbogbo wa. A kò ní ohun tí a lè fi dáhùn èyí. Báwo ni ẹni tí èéfín fún ní ìwé-ẹ̀rí yóò ṣe dúró ta ko èéfín? Fún ọ̀sẹ̀ méjì, iná ń jó ní ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, a sì ń gbọ́ ikọ́ náà láti orí bẹ́ẹ̀dì wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a mú ìwé àti bíírò, a sì jókòó tì wọ́n. A sọ ìtàn Poiseuille fún wọn, oníṣègùn ará Faransé tí ó kọ́kọ́ fi mẹ́kúrì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní 1828, tí ó wá lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti wo bí omi ti ń ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín. Ohun tí ó rí ni pé bí ọ̀pá bá dín kù sí ìdajì ìbú rẹ̀, ìdènà kò di ìlọ́po méjì, kò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po 16 ni ó ń dà. Iṣan ara kì í ṣe gíláàsì, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣe omi, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ̀ kò yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀nà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè pàdánù púpọ̀ nínú wọn kí ìfúnpá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹni tí ó bá ti ń dúró lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjà àti ilé ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó fi pamọ́.

"Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún?" ni ìyá wa wí. Wọ́n gba bíírò lọ́wọ́ wa. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n fa ìlà mẹ́rìndínlógún sórí ìwé náà, wọ́n kà wọ́n, wọ́n sì wò wọ́n pẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ààrò tutù.

Àbúrò wa obìnrin ni ó gba òwò náà. Ìyá wa fi àṣẹ kan lé e lọ́wọ́: òun kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ sí ibi tí àwọn kúnlẹ̀ sí. A bá a mọ ààrò irú èyí tí wọ́n ń pè ní Chorkor, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní abúlé àwọn apẹja kan ní Accra, tí a ń to àwọn pẹpẹ ẹja lé ara wọn lórí, tí igi tí ó ń jẹ kò sì pọ̀. A ṣí páànù òrùlé sílẹ̀ ní apá kan.

Ní kíláàsì wa, ọmọkùnrin kan wà tí kì í yé béèrè pé, "Monsieur, kí ni a ó fi èyí ṣe?" Tẹ́lẹ̀, a máa ń dá a lóhùn pé yóò fi í yege BAC. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a kọ 3,5 sójú pátákó, a sì ní kí àwọn ọmọ wá 57. A kò sọ àyà ẹni tí ó jẹ́. Nígbà tí wọ́n rí i, a sọ fún wọn pé Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques wà ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Ouando, pé Jean-Pierre Ezin ni ó dá a sílẹ̀ ní 1988, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìṣirò jin ara rẹ̀ títí dé òpin kò ní láti kọjá òkun kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin náà béèrè pé ta ni ó ń rò pé ẹ̀jẹ̀ àti ìṣirò lè pàdé. A ní àwọn oníṣègùn ni.

Ọdún kan ti kọjá. Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò, nọ́ńbà tuntun ni 3,3. Ó fún wa ní 44. Omi ti dín kù lára, nítorí náà 3 ni dókítà fi kún un, kì í ṣe 8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 47. A fẹ́ yọ̀, ṣùgbọ́n a rántí agbọ̀n ẹja. Ìyàtọ̀ láàárín 3,5 àti 3,3 kò tó ohun tí ọwọ́ tí ó fì díẹ̀ kò lè fà. Dókítà pàápàá ní kí a má tíì yọ̀. Ó ní àìsàn yìí kì í lọ tán, kí ó má ṣáà tẹ̀ síwájú mọ́ ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún.

A ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá wa lójú ọ̀nà: pé nọ́ńbà ti sọ̀ kalẹ̀, pé a kò sì lè fi gbogbo ara gbà á gbọ́. Wọ́n gbọ́ wa jálẹ̀. Wọ́n ní kí a sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní ọjà, àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn délé. A tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, a kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kọjá igi máńgòrò. Wọ́n dúró lẹ́nu ilé aránṣọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n sì tún rìn. Wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí. Ní ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n yíjú sí wa, wọ́n sì na ìka méjì sókè.

"Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀," ni wọ́n wí.